Ejò inú àlá ọmọ yín kì í ṣe ìyá àgbà

 Ọ̀rọ̀ ejò ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rẹ́rìn-ín, á ní ní ìlú tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù gbọọrọ yìí, níbo la ti fẹ́ rí ejò? Kò purọ́. Tí òtútù bá ti dé, ńṣe ni àwọn ejò Alberta máa ń kó wọ ihò lábẹ́ ilẹ̀, wọn kì í sì í jáde títí oòrùn á fi padà mú. Ṣùgbọ́n ejò tí mò ń sọ yìí kì í sá fún òtútù. Inú àlá ló ń gbé, ó sì ti ń da ilé rú láàárín wa níbí.

Obìnrin kan ló pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀rọ̀ yìí ni ò jẹ́ kí n sùn." Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti lá àlá ejò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Lẹ́ẹ̀kẹta tó jí tó ń sunkún, bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ọmọdé, ni wọ́n bá gbé e lọ síbi àdúrà kan tí oníwàásù àlejò wá ṣe. Oníwàásù yìí ò béèrè bóyá ara ọmọ ń gbóná, kò béèrè ohun tó ń wò lórí tẹlifíṣàn kó tó sùn. Ohun tó béèrè ni pé, ta ló sọ ọmọ yìí lórúkọ? Wọ́n ní ìyá bàbá rẹ̀ ni, Màmá Ìṣẹ́yìn. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní, "Ẹ ti rí ejò yín."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò pe Màmá Ìṣẹ́yìn mọ́. Wọ́n ti dí nọ́ńbà rẹ̀ pa lórí WhatsApp. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i ní ìparí oṣù, wọ́n dá a dúró, torí wọ́n ní ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ wọn lè máa fi owó náà ṣe nǹkan. Ọmọ yìí ti máa ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí Sátidé mẹ́ta kọjá, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Mummy, ṣé Màmá Ìṣẹ́yìn ti kú ni?" Ìbéèrè yẹn ló gbé obìnrin náà dìde tó fi pè mí.

Ó gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Orúkọ ìlú náà gan-an, èmi ni mo fi Ìṣẹ́yìn rọ́pò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ wọ́n, kí àwọn ará Ìṣẹ́yìn má bínú sí mi. Ẹ má sì rò pé ilé kan ṣoṣo ni. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ nílé mìíràn ní ìlú yìí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Edmonton.

Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúrà dára. Bí ọmọ bá lá àlá tó bà á lẹ́rù, kí òbí kúnlẹ̀ kó gbàdúrà fún un, kò sí aburú kankan níbẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n mú ejò tí ọmọ ọdún mẹ́jọ rí lójú oorun, kí wọ́n fún un lórúkọ ìyá arúgbó kan tí kò sí níbẹ̀ láti gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àṣà ilé wa ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn baba wa mọ̀ pé ejò inú àlá, ọ̀tá ilé ni. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá wọn jiyàn, torí ejò tí àwọn baba wa mọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu wa. Yorùbá ò mọ ejò kan ṣoṣo. Ọká wà, paramọ́lẹ̀ wà, ṣèbé wà, agbádú wà, erè àti òjòlá wà, kálukú pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ ni pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rí wọn pa; bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ló máa dúró dè wọ́n lọ́nà? Ta ni ejò nínú òwe yẹn? Àwa náà ni. Àwọn àgbà fi ejò kọ́ wa pé kí ẹbí máa rìn pọ̀. Àwa wá dé Calgary, a fi ejò tú ẹbí ká.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a máa ń sọ. Bí nǹkan kan bá rú wa lójú, tá a fura pé ẹnì kan ló wà nídìí rẹ̀, a máa ń ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ kan ejò nínú. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2018, nígbà tí ìròyìn gbòde pé akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì JAMB ní Makurdi ní ejò ló gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì. Gbogbo Nàìjíríà rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n. Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani kó àwọn apejò lọ sí ọ́fíìsì JAMB ní Àbújá, ó ní kí wọ́n wá bá wọn mú ejò tó ń jẹ owó. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn béèrè ni pé, ọwọ́ ta ló wà nínú ejò yìí? Àwa tá ò gbà pé ejò lè gbé náírà mì, báwo la ṣe wá gbà wẹ́rẹ́ pé ejò lè di Màmá Ìṣẹ́yìn, láìbéèrè pé ọwọ́ ta ló wà nínú rẹ̀, àti pé èló ni wọ́n dá fún oníwàásù lọ́jọ́ náà?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ti ẹ̀sìn àtijọ́ gan-an, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dẹ́rù bà wá. Àwọn baba ńlá wa ní òṣùmàrè tó ń yọ lójú ọ̀run lẹ́yìn òjò, ejò ńlá kan tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ ni, ó máa ń gòkè wá mu omi ojú ọ̀run. Erè ni ìránṣẹ́ rẹ̀. A. B. Ellis, ọ̀gá sójà òyìnbó kan, kọ èyí sínú ìwé tó ṣe lórí Yorùbá ní 1894, wọ́n sì tún gbà pé ẹni tó bá rí imí òṣùmàrè ti bọ́ lọ́wọ́ òṣì nìyẹn. Ejò tó ń gbé ọlà wá sílé ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Àwọn Fọ̀n, aládùúgbò wa ní Benin, ń pe tiwọn ní Dan, wọ́n sì ní Dan Ayido Hwedo ló ń gbé ayé ró. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, ejò yìí bá wọn lọ. Ní Haiti, ó di Damballa, àwòrán Saint Patrick tí ejò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi bo ojú rẹ̀. Ní Bahia ní Brazil, ó ṣì ń jẹ́ Oxumarê títí di òní. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bọ ọ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú gbogbo èyí, kò síbi tí ejò ti jẹ́ ìyá bàbá ọmọ.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé, "Àwọn ìyá ńkọ́? Ṣé àwọn baba wa ò bẹ̀rù àwọn ìyá ni?" Wọ́n bẹ̀rù wọn. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlóbí, ní gbogbo ilẹ̀ Yewa, wọ́n ní eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Nítorí àwọn ìyá ni wọ́n ṣe ń jó o, ìyẹn àwọn obìnrin àgbà tí wọ́n gbà pé agbára wà lọ́wọ́ wọn láti tún ìlú ṣe tàbí láti bà á jẹ́. Ẹ lọ wo àwọn ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà, ẹ̀ẹ́ rí ejò tí wọ́n gbẹ́ sórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó ká lórí ìbòjú, nígbà míì tó ń bá ẹyẹ jà. Ejò àti àwọn ìyá wà pa pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ṣe? Ọkùnrin gbé agbádá gèlè wọ̀, ó so ìbàdí, ó gbé ìbòjú karí, ó jó fún àwọn ìyá lọ́jà, gbogbo ìlú jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kí àwọn àgbà obìnrin. Wọ́n bẹ̀rù ìyá, nítorí náà wọ́n bọlá fún ìyá. Ẹ̀rù tiwa nìkan ló ń sọ pé ká dí nọ́ńbà ìyá pa.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ìtàn ibẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí lára. Ìlú Ouidah ni, ní Benin, létí òkun, kò jìnnà sí Kùtọnu. Ilé òrìṣà ejò wà níbẹ̀ títí di òní. Erè kékeré tí kì í bu èèyàn pa, tí kò ní oró rárá, ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀, Dangbe ni wọ́n ń pè é. Wọ́n a máa tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lọ wá oúnjẹ. Bí ọ̀kan bá wọlé onílé, onílé á rọra gbé e, á sì dá a padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù lọ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì wà ní iwájú ilé ejò náà gan-an, ojú wọn kojú. Àwọn tó ń jáde láti ìsìn àtàwọn tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ Dangbe jọ ń pàdé ní gbàgede kan náà, kò sì tíì sẹ́ni tí ejò náà dẹ́rù bà débi pé kó lé ìyá rẹ̀ kúrò nílé.

Kí Ouidah tó bọ́ sábẹ́ Dàhòmì, ìjọba Hueda ló ni í, Savi ni olú ìlú wọn. Dangbe ni baba ìsàlẹ̀ wọn. Ní 1727, Agaja, ọba Dàhòmì, kó ogun wá. Kí ni àwọn ará Hueda ṣe? William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó kan tó ń ṣòwò ẹrú, dé ibẹ̀ kété lẹ́yìn tí ìlú fọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1734. Ó ní odò kan ló wà láàárín wọn àti ọ̀tá, odò tí ọmọ ogun díẹ̀ lè fi dá ogun ńlá dúró. Dípò kí wọ́n kó ọmọ ogun síbẹ̀, ejò ni wọ́n ń lọ gbé sójú ọ̀nà láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ejò bá wọn dí i. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọjá. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú, wọ́n gbé àwọn ejò náà sókè, wọ́n ní bí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà lóòótọ́, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n gba ara wọn. Ejò ò fọhùn. Wọ́n bẹ́ wọn lórí, wọ́n sun wọ́n, wọ́n jẹ wọ́n.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìhà méjèèjì. Àwọn tó ní ejò á gbà wọ́n, ejò ò gbà wọ́n. Àwọn tó sì pa ejò jẹ, ejò ò pa wọ́n, kò yọ sí wọn lójú àlá kó fọ́ ilé wọn. Nígbà tó yá, àwọn ọba Dàhòmì náà gbà kí wọ́n máa bọ Dangbe lọ ní Ouidah. Ẹran tó ń wọ́ nílẹ̀ ni ejò. Èèyàn ló ń di ẹrù tó bá wù ú lé e lórí.

Níbo wá ni ejò tó ń lé wa lóorun yìí ti wá? Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ẹ rántí àwòrán Mami Wata tó máa ń wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù nígbà tá a wà ní kékeré: obìnrin pupa kan, irun rẹ̀ dúdú gùn, ejò wé mọ́ ọn, ejò kan tún wà nísàlẹ̀. Òun náà ni a padà rí nínú fíìmù, tó ń fa ọkọ olówó wọ odò. Henry Drewal, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, ló tọ ipasẹ̀ àwòrán náà. Ìlú Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1889. Ìpolówó eré ni. Obìnrin tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ejò ṣeré fún àwọn tó sanwó wá wòran. Àwọn atukọ̀ ló gbé e dé etíkun wa, nígbà tó fi máa di 1901, àwọn ará Bonny ti fi ṣe àwòkọ gbẹ́ ìbòjú. Ní 1955, ilé ìtẹ̀wé kan ní Bombay, ní Íńdíà, tún un tẹ̀, ẹ̀dà 12,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò ní Kumasi. Bó ṣe kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Pósítà sákọ́ọ̀sì láti Jámánì, tí wọ́n tún tẹ̀ ní Íńdíà, tí àwọn onífíìmù gbà lọ, tí oníwàásù wá gbà lọ́wọ́ onífíìmù, òun ni wọ́n ń pè ní ẹ̀mí àìmọ́ láti ìdílé bàbá ọmọ ní Òkè-Ògùn!

Ẹ̀yin Kristẹni ẹgbẹ́ mi, ẹ má sọ pé Bíbélì ti parí ọ̀rọ̀. Ejò tó tan Éfà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá Áárónì náà di ejò níwájú Fáráò, Ọlọ́run ló sì ní kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú Ìwé Númérì, nígbà tí ejò ń bu àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ nínú aginjù, ejò idẹ ni Ọlọ́run ní kí Mósè rọ, kó gbé e kọ́ sórí ọ̀pá, pé ẹni tó bá wò ó á yè. Jésù fi ara rẹ̀ wé ejò yẹn nínú Jòhánù orí 3. Ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tí àwọn èèyàn sọ ejò idẹ náà di òrìṣà tí wọ́n ń sun tùràrí sí, Ọba Hesekáyà fọ́ ọ. Ejò kan náà wo èèyàn sàn, ó tún di òrìṣà, wọ́n sì fọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ nínú Bíbélì kan náà. Ẹ̀yin mùsùlùmí sì mọ̀ pé nínú Kùránì, kò sí ejò nínú ìtàn ọgbà náà rárá. Ṣàítáànì ló tan Ádámù àti aya rẹ̀. Ejò tó wà nínú Kùránì ni ti ọ̀pá Ànábì Músá.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa ńkọ́? Ẹ pọ̀ ní ìlú yìí, ẹ̀yin ni ẹ kún àwọn ọsibítù àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àmì Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tí wọ́n mú ní 1948, ejò kan ló wé mọ́ ọ̀pá níbẹ̀. Ọ̀pá Asclepius ni, òrìṣà ìwòsàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Ọ̀pá yìí náà ló wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ áḿbúláǹsì ní Amẹ́ríkà àti níbí. Àwọn kan a tún máa fi ọ̀pá tó ní ejò méjì àti ìyẹ́ rọ́pò rẹ̀, bíi ti ẹ̀ka ìṣègùn sójà Amẹ́ríkà láti 1902, ṣùgbọ́n ìyẹn, ọ̀pá Hermes ni, òrìṣà àwọn oníṣòwò. Bí ẹ bá rí iye tí wọ́n ń gbà níléèwòsàn Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ́ ní wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣì í mú. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ò ní wọ áḿbúláǹsì torí ejò wà lára rẹ̀.

Ó wá ku ọmọ tó ń lá àlá. Ọmọ yìí ò tíì rí ejò lójú oko rí, kí ló wá ń gbé ejò wọ orí rẹ̀? Ẹ wo àyíká rẹ̀. Eré orí fóònù tó ń ṣe kún fún ejò. Ẹ̀yìn pátákó lúdò tí ẹ rà fún un, ejò àti àkàbà ni, eré tó ti Íńdíà wá, tí ejò á gbé ọ kódìí láti 90 lọ sí 20. Ní oṣù Kìíní 2025, àwọn ará Ṣáínà wọ ọdún ejò. Níléèwé, wọ́n ń kọ́ ọ pé ejò kékeré tí wọ́n ń pè ní garter snake wà nínú koríko létí odò ní Calgary yìí, kò lè pa á. Wọ́n ń kọ́ ọ nípa rattlesnake, èyí tó ní oró, tó ń mi ìrù bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kó tó bu èèyàn jẹ, tó wà ní ìhà Medicine Hat àti Lethbridge, àti ní Dinosaur Provincial Park, lápá ibi tí àwọn ará Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ ẹran ní Brooks ń gbé. Òfin Alberta ń dáàbò bo rattlesnake yìí, ẹ má lọ fi òkúta pa á bíi ti ilé o. Ní Narcisse, ní Manitoba, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ ejò ló máa ń jáde nínú ihò ní ìgbà ìrúwé, àwọn òyìnbó á sì kó ọmọ wọn lọ wò ó bí ẹní lọ wo eégún.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rù ejò ti wà lára èèyàn tipẹ́. Lynne Isbell, onímọ̀ kan ní California, sọ ní 2006 pé ejò wà lára ohun tó jẹ́ kí ojú àwọn ẹranko tó jọ wá mú bó ṣe mú, torí ẹni tó bá tètè rí i ló ń yè. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, fi àwòrán ejò han àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà, wọ́n rí i pé ọmọlójú wọn fẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n ń wo ẹja lọ. Ọmọ oṣù mẹ́fà o! Ta ló ran ejò sí ìyẹn láti Ìṣẹ́yìn?

Ohun tó wá dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹnì kan wà nínú ìdílé náà tí ejò gidi lè pa, Màmá Ìṣẹ́yìn sì ni. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ó ṣì ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, sálúbàtà ló ń wọ̀ lọ. WHO ní láàárín 81,000 sí 138,000 èèyàn ni oró ejò ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé, ní 2017 ni wọ́n sì fi í sára àwọn àrùn tí ayé ti pa tì. Àwọn àgbẹ̀ àti tálákà ìgbèríko ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò wọ́n lówó, ó sì ṣọ̀wọ́n. Ní Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe, níbi tí ọsibítù tó ń tọ́jú ẹni tí ejò bù jẹ wà, ọ̀nà jíjìn làwọn èèyàn ti ń gbé aláìsàn wá. Owó oṣooṣù láti Calgary ló máa ra bàtà róbà tó ga dé orúnkún fún ìyá yẹn, òun náà ló máa san owó ọkọ̀ àti abẹ́rẹ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Owó yẹn gan-an ni wọ́n dá dúró, nítorí ejò tí kò sí.

Chinua Achebe kọ nípa ọmọkùnrin kan, Oduche, nínú ìwé rẹ̀ Arrow of God tó jáde ní 1964. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kó pa erè tí àwọn ará abúlé rẹ̀ ń bọ. Ẹ̀rù bà á láti pa á, ó wá gbé e sínú àpótí, ó tì í pa. Nígbà tí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ilé bàbá rẹ̀ dàrú. Ìjà àwọn àgbà ni wọ́n gbé lé ọmọdé lọ́rùn. Mo máa ń rántí ọmọ yẹn bí mo bá rí ọmọ wa tí wọ́n mú lọ síwájú èrò, tí wọ́n ní kó ké orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ tàbí ìyá bàbá rẹ̀, kó ní òun kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún obìnrin tó pè mí nìyí, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú irú rẹ̀. Bí ọmọ bá jí lóru, gbé e mọ́ra, jẹ́ kó ròyìn àlá náà tán, má ṣe bá a parí rẹ̀. Gbàdúrà fún un, kó o sì yẹ ohun tó ń wò wò. Bí àlá náà ò bá dáwọ́ dúró, tí ọmọ ò sùn, tí kò jẹun, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ ọ́n. Kó o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ẹbí rẹ fún ọ, bi í léèrè bó ṣe mọ̀. Kí ọkọ àti aya jọ sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ bàbá ló mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ìyá òun ò ṣe nǹkan kan, ojú èrò ni ò jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe Màmá. Wákàtí méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣíwájú wa, bí ẹ bá pè láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀ẹ́ bá a níbi tó ti ń sinmi. Ẹ sọ fún un pé ọmọ ń lá àlá ejò. Ẹ ní kó pa àlọ́ Ìjàpá àti Erè fún un, èyí tí Erè pe Ìjàpá wá jẹun, tó wá ká ara rẹ̀ yí abọ́ oúnjẹ po tí Ìjàpá ò fi rí àyè kan òkèlè, tí Ìjàpá náà wá lọ hun ìrù gígùn, ó di ọjọ́ tirẹ̀, ó pe Erè. Bí ọmọ bá bi í pé kí ni Ìjàpá fi hun ìrù náà, kí ó sọ bí wọ́n ṣe ń pa á ní ìlú tiwọn.